Adágún Volta: Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun tó yára jù lágbàáyé fún àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi ní àríwá Ghana?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kì í sábà wá sí ọkàn ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Tamale. Olú ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Ghana ni, ó sì fi nǹkan bí 600 kìlómítà jìnnà sí Accra tó wà létí òkun. Pápá ọ̀dàn ló yí i ká. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà àti òrí wà lára ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe ọrọ̀ ajé.

Síbẹ̀, omi kò jìnnà sí ìlú náà tó bí àwòrán ilẹ̀ ṣe lè mú kí ènìyàn rò. Ní ojú ọ̀nà tó lọ láti Tamale sí Kumasi ni ìlú Yapei wà, létí odò White Volta. Ní ayé ìjọba amúnisìn, Tamale Port ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí Èbúté Tamale. Ìtòsí ibẹ̀ ni orí Adágún Volta wà ní ìhà àríwá. Láti ibẹ̀ dé dáàmù Akosombo ní gúúsù, omi náà gùn ju 400 kìlómítà lọ.

Lórí adágún yìí ni ọkọ̀ kan ti dànù ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ní agbègbè Krachi West, tí ènìyàn 15 sì pàdánù ẹ̀mí wọn. Ọmọdé ni 11 nínú wọn. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú omi ní Ghana, Ghana Maritime Authority, sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé èrò ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń gbé létí adágún náà.

Lórí ilẹ̀ Áfíríkà kan náà, ní ọdún 2012, ọkùnrin kan jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì, tí afẹ́fẹ́ nìkan ń gbé lọ, ó sì fi í sáré 121 kìlómítà ní wákàtí kan. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ eré ìdíje ojú omi.

Òfin kan náà ló ń darí ọkọ̀ méjèèjì. Ìmọ̀ tó jẹ́ kí ọ̀kan fò lórí omi ni ìmọ̀ tó ń ṣàlàyé ìdí tí èkejì fi rì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ìdí tí ìmọ̀ yìí fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi omi ṣeré, tí kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba orí omi lọ sí ọjà, oko àti ilé ìwòsàn.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe lè yára ju afẹ́fẹ́ tó ń gbé e lọ?

Ẹni tó bá ti gba afárá Third Mainland Bridge kọjá ní Èkó, tàbí tó ti dé Ganvié lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, ti lè rí ọkọ̀ ìgbòkun rí. Àwọn apẹja a máa rán àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun pọ̀, wọ́n á ta á mọ́ ọ̀pá, afẹ́fẹ́ á sì máa tì wọ́n lọ sílé. Ọ̀nà tí irú ìgbòkun yìí ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń ti aṣọ, aṣọ ń ti ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ń tì láti ẹ̀yìn tààrà kò lè yára ju afẹ́fẹ́ náà lọ. Bí eré rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ ti afẹ́fẹ́, ìgbòkun á rọ, nítorí kò sí ohun tó ń kàn án mọ́.

Ọkọ̀ tó yára a máa kọ ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́. Ìgbòkun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú rẹ̀ méjèèjì kọjá, ìgbòkun ń yí i lọ́nà padà, afẹ́fẹ́ náà sì ń fi agbára fa ìgbòkun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pákó pẹlẹbẹ tó wọnú omi lábẹ́ ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ rá lọ sí ẹ̀gbẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ ń tì í níhìn-ín, omi ń dá a dúró lọ́hùn-ún, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un ni iwájú. Ọmọ tó bá ti fi ìka méjì fún kóró àgbálùmọ̀ tó ń yọ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ìka ti ń fún un, síbẹ̀ iwájú ni kóró náà ń fò sí.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ewé kankan kò mì, afẹ́fẹ́ ṣì máa ń fẹ́ lu ojú ẹni tó wà lórí ọ̀kadà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìgbòkun. Bí ọkọ̀ ṣe ń yára sí i ni afẹ́fẹ́ tó ń bá ìgbòkun pàdé ń le sí i, tí ó sì ń fún ọkọ̀ ní agbára kún agbára. Nítorí èyí, ọkọ̀ tí a ṣe dáadáa lè sáré ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ kò mọ ọ̀rẹ́. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ohunkóhun á di ìlọ́po mẹ́rin. Òfin yìí ló ń dùn mọ́ àwọn eléré ìdíje. Òun náà ló ń sọ ẹ̀fúùfù tó ṣáájú òjò di ewu ńlá fún ọkọ̀ onígi lórí Adágún Volta.

Omi ló ń dá eré dúró

Omi ki ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ọkọ̀ tó bá ń la omi kọjá gbọ́dọ̀ máa tì í sí apá kan, omi tó sì ń tì náà á di ìgbì níwájú rẹ̀. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, ìgbì yẹn á máa gùn sí i, títí tí ọkọ̀ yóò fi dà bí ẹni tó ń gun òkè tí kò lópin.

Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ti mọ òdiwọ̀n rẹ̀ tipẹ́. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4 á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìṣòro yìí bí eré rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí kìlómítà 9 ní wákàtí kan. Èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 16 á rí i ní nǹkan bí kìlómítà 18. Kí eré tó lè di ìlọ́po méjì, gígùn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi. Wọ́n á so ohun tó dà bí ìyẹ́ bàálù kékeré mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí eré bá pọ̀ tó, omi tó ń gba ara ìyẹ́ náà kọjá á gbé gbogbo ọkọ̀ sókè, ìyẹ́ nìkan ni yóò sì kù nínú omi. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ariwo ìgbì tó ń lu ara ọkọ̀ á dákẹ́, ohùn fèrè tín-ín-rín á gba ipò rẹ̀, eré ọkọ̀ á sì fò sókè lójijì. Ohun tó ń mú orí àwọn eléré wú nìyẹn.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìdíje America's Cup ní Barcelona lọ́dún 2024, níbi tí New Zealand ti fi 7 sí 2 na Britain. Àwọn ọkọ̀ náà ń sáré ju 90 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Walvis Bay

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni Paul Larsen, ọmọ Australia, wa ọkọ̀ Vestas Sailrocket 2 ní Walvis Bay lórílẹ̀-èdè Namibia. Lórí ìwọ̀n 500 mítà, eré rẹ̀ jẹ́ 65.45 knot, èyí tí í ṣe nǹkan bí 121 kìlómítà ní wákàtí kan. Wọ́n yan ibẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ tó le ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ yanrìn pẹrẹsẹ, tí omi tó wà lẹ́bàá yanrìn náà kò sì ní ìgbì.

Ìdènà méjì ni wọ́n ní láti borí. Àkọ́kọ́ ni pé bí eré bá ti kọjá nǹkan bí 50 knot, omi tó wà lójú ìyẹ́ abẹ́ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná, nítorí pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ti dín kù jù. Oru tó bá jáde á gba agbára lọ́wọ́ ìyẹ́ náà. Wọ́n wá ṣe ìyẹ́ mìíràn tí ẹ̀yìn rẹ̀ gé gbọngbọn, tí ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, dípò kó máa bá oru náà jà.

Ìdènà kejì ló kan ẹnikẹ́ni tó ń wọkọ̀ ojú omi, ìyẹn ìdojúdé. Ìgbòkun ń fa ọkọ̀ lókè, pákó ń dá a dúró nísàlẹ̀, àwọn agbára méjèèjì á sì jọ gbìyànjú láti yí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ṣe Sailrocket gbé ìgbòkun jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí tí agbára ìgbòkun àti agbára ìyẹ́ abẹ́ omi fi wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Níbi tí agbára méjì bá ti dojú kọ ara wọn lórí ìlà kan, kò sí ohun tó kù tí yóò yí ọkọ̀ dà.

Wọn kò rí i ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2008, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fò kúrò lójú omi, ó sì ta òkìtì. Larsen yè é.

Òfin kan náà lórí Adágún Volta

Ọ̀rọ̀ ìlà kan ṣoṣo yìí ló wà nídìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí adágún. Nínú ọkọ̀ èyíkéyìí, ìwúwo ń tẹ ọkọ̀ sísàlẹ̀, omi ń gbé e sókè. Bí ọkọ̀ bá dúró déédéé, agbára méjèèjì á wà lórí ìlà kan. Bí ìgbì bá mú kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, omi á gbé apá tó rì jù sókè, yóò sì dá ọkọ̀ padà sí ààyè rẹ̀, bí ìwúwo bá wà nísàlẹ̀.

Bí ẹrù bá wá ga ńkọ́? Àpò iṣu tí wọ́n tò léra, alùpùpù lórí pákó, àwọn èrò tó dúró nítorí pé kò sí ibi ìjókòó mọ́, gbogbo wọn ló ń gbé ìwúwo lọ sókè. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, ìwúwo fúnra rẹ̀ ni yóò fa á dà. Bí ẹ̀rù bá sì ba àwọn èrò, tí gbogbo wọn sún sí apá kan, wọ́n á parí iṣẹ́ tí ìgbì bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tó pọ̀ jù tún ń mú kí etí ọkọ̀ súnmọ́ ojú omi. Ìgbì tí ì bá kọjá lábẹ́ ọkọ̀ á wá máa dà sínú rẹ̀. Omi tó bá wọlé kì í dúró sójú kan. Apá tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ni yóò ṣàn lọ, yóò sì tún mú kó tẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó rọra ń lọ fún wákàtí méjì fi lè dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn tó ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ewu wà ńbẹ̀. Adágún Volta fẹ̀ tó nǹkan bí 8,500 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà tí omi kún un lẹ́yìn tí wọ́n parí dáàmù Akosombo lọ́dún 1965, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni omi lé kúrò nílé wọn. Abúlé tó wà létí rẹ̀ àti ní erékùṣù inú rẹ̀ pọ̀, kò sì sí afárá fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò lè dúró de ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kan Yorùbá náà. Kí ọdún 1969 tó dé, ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho ló fi Tamale ṣe ilé. Àwọn tó ń gba Kumasi lọ síbẹ̀ kò lè ṣe kí wọ́n má la Volta kọjá. Òfin tí ìjọba Kofi Busia ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún náà, tó fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ, ló lé púpọ̀ nínú wọn padà sílé.

Kùkùté tó fara pamọ́ sábẹ́ omi

Ewu mìíràn wà tí àwọn eléré ìdíje kì í bá pàdé. Ọ̀pọ̀ igi inú igbó tí adágún náà bò mọ́lẹ̀ ni wọn kò gé kí omi tó dé. Títí di òní, kùkùté wọn ṣì dúró lábẹ́ omi. Nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, orí wọn á súnmọ́ ojú omi, nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ sì ń mú kó ṣòro láti ríran jìnnà.

Níbí ni eré ti ń di ọ̀tá. Ọkọ̀ tó bá fi ìlọ́po méjì eré kọlu kùkùté á fi ìlọ́po mẹ́rin agbára kọlù ú. Ẹ́ńjìnì tó lágbára tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ onígi a máa dín àkókò ìrìn àjò kù, ṣùgbọ́n pákó tí wọ́n fi kan ọkọ̀ náà kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nàìjíríà mọ irú àjálù yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn èrò bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dojú dé ní agbègbè Pátígi ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Àwọn ará agbègbè náà sọ pé igi ńlá kan tó wà lábẹ́ omi ni ọkọ̀ náà kọlù, tó sì là sí méjì.

Ẹ̀mí kan tó yí òfin padà

Eré ìdíje náà ti gba ẹ̀mí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2013, Andrew Simpson, ọmọ Britain tó ti gba góòlù ní Olympics, kú nígbà tí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dojú dé ní San Francisco, níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún America's Cup.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn alábòójútó ìdíje náà gbé àbá 37 jáde. Wọ́n dín ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n lè fi díje kù, wọ́n sì ní kí àwọn atukọ̀ máa wọ ohun ìdáàbòbò ara, kí wọ́n sì máa gbé afẹ́fẹ́ ìmísí dání. Nígbà tó di àṣekágbá, wọ́n dá ìdíje dúró lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti le jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òǹwòran ti pé síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín San Francisco àti Krachi kò sí nínú ìmọ̀. Ó wà nínú ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé ọkọ̀ yìí kò ní gbéra lónìí, tí wọ́n á sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ìlà kan lára ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lè gba ẹ̀mí là lórí Volta kò ná ohun tí ìyẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ ọkọ̀ ìdíje ń náni. Èyí tó rọrùn jù ti wà láti ayé Queen Victoria. Nígbà yẹn, àwọn olówó ń di ẹrù kún ọkọ̀ wọn kọjá ààlà, àwọn atukọ̀ sì ń bá ọkọ̀ rì. Samuel Plimsoll, aṣòfin kan ní Britain, jà títí wọ́n fi ṣòfin ní ọdún 1876 pé kí wọ́n kun ìlà sí ara ọkọ̀. Bí ìlà náà bá ti wọnú omi, ẹrù ti pọ̀ jù nìyẹn.

Apá kejì ìtàn náà ni àwọn aṣòfin òde òní lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Òfin ọdún 1876 gba ẹni tó ni ọkọ̀ láyè láti kun ìlà síbi tó bá wù ú. Ó di ọdún 1890 kí òfin tó gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ wọn. Ìlà tí olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fà kò lè dá olówó ọkọ̀ dúró.

Ghana ní àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú omi láti ọdún 2002, bẹ́ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Èkó ní LASWA, tó ń sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n wọ ẹ̀wù ìdóòlà, kí ọkọ̀ má sì rìn lóru. Iṣẹ́ tó kù wà ní etí omi. Ó gba pé kí ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò máa wo ìlà kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ìkìlọ̀ nípa ìjì máa dé èbúté kí ìjì fúnra rẹ̀ tó dé, kí wọ́n gé kùkùté tó wà lójú ọ̀nà tàbí kí wọ́n fi àmì sí i. Ó tún gba ẹ̀wù ìdóòlà tí ó ba ọmọdé mu, nítorí èyí tí wọ́n rán fún àgbàlagbà á bọ́ lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́ta nínú omi.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Larsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ibi tí agbára afẹ́fẹ́ àti agbára omi yóò ti pàdé lórí ìlà kan, kí ọkọ̀ wọn má bàa dojú dé. Àwọn èrò tó ń gba Adágún Volta kọjá kò béèrè fún eré tó bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ dúró déédéé, kí ó sì gúnlẹ̀, ni wọ́n ń fẹ́. Ìmọ̀ tó lè ṣe é ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1876.